Bí Àgbàlagbà Ṣe Ń Kọ́ Oúnjẹ Sísè: Àpẹẹrẹ Kan láti Ungwan Boro

Oúnjẹ sísè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń kọ́ láìmọ̀ pé àwọn ń kọ́ ọ. Ọmọbìnrin á jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, á máa ṣa ẹ̀wà, á máa lọ ata, ojú rẹ̀ á sì ti là sí i kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọkùnrin tí wọ́n ń lé jáde nílé ìdáná pé kó lọ gbá bọ́ọ̀lù kì í rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bó bá wá dàgbà tán kó tó fẹ́ kọ́ ọ, owó, gáàsì àti irun ojú rẹ̀ ni yóò fi ra ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ti mọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni: nígbà tí Kàdúná jẹ́ olú ìlú Àríwá, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn kúùkù tó ń dáná nílé àwọn òyìnbó ìjọba.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò níbí ni ọkùnrin kan tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ọmọ Ìbàdàn, tó ń gbé Ungwan Boro ní ìjọba ìbílẹ̀ Chikun, nílùú Kàdúná. A yàn án nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí òǹkọ̀wé mọ gbogbo àṣìṣe rẹ̀ tán bẹ́ẹ̀. Òun náà ni òǹkọ̀wé.

Ohun tó ń lé irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ wọ ilé ìdáná kì í sábà jẹ́ ìfẹ́ ẹ̀kọ́. Àìrówó ni, tàbí àìrí olóúnjẹ. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn Kòrónà, ó sì di oṣù Kẹfà kí wọ́n tó tú u ká. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí aráàlú jáde lọ ra ohun tí wọ́n á jẹ. Màmá olóúnjẹ tó wà lọ́nà Sabon Tasha, tó ti ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa láàárọ̀ lálẹ́ láti ọdún mélòó kan wá, ti ìsọ̀. Ọ̀nà láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì náà ti dí, kò sí bó ṣe lè sá lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ebi ní tirẹ̀ kò ka òfin ìjọba sí.

Ọjà ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Kàdúná, múdù ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà, kì í ṣe kọ́ńgò. Àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba, nítorí náà ìmọ̀ràn tí ìyá ẹni fún ni láti Ìbàdàn kì í bá ọjà ibẹ̀ mu. Èdè Hausa ló tún kù. Ẹni tó bá gbọ́ “tattasai” àti “albasa” lẹ́nu alátẹ máa ń rò pé òun ti gbédè tán, nítorí pé tàtàṣé àti àlùbọ́sà ilé rẹ̀ náà ni. Pẹ̀lú ìgboyà yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ wa fi nàka sí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé kan, tó sanwó rẹ̀, tó sì gbà pé orúnlá lòún rà. Kúkà ni. Ewé igi oṣè tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n sì gún ni kúkà, òun ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi jẹ tuwo ní ilẹ̀ Hausa, ó sì máa ń yọ̀ gẹ́gẹ́ bí ilá ṣe ń yọ̀. Yíyọ̀ yìí ló tan ọkùnrin náà jẹ. Ọbẹ̀ yọ̀, ó fà, inú rẹ̀ dùn. Ó da irú sí i, ó da ẹja gbígbẹ sí i, ó dúró tì í kí òórùn ilé ìyá rẹ̀ jáde, òórùn náà kò sì jáde. Ìyá onílé, obìnrin ẹ̀yà Bajju kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, yọjú lójú fèrèsé.

“Haba, Bayarabe! Miyan kuka ce.”

Ọbẹ̀ kúkà nìyẹn, lohun tó ń sọ. Ó tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀, ó sì gba abọ́ kan lọ sílé. Nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí sè lóṣù náà, ọbẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun ń sè nìkan ni ẹlòmíràn jẹ.

Lẹ́yìn ọjà, iná. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí, kì í fò jáde lójú fèrèsé bí èéfín. Fúnra rẹ̀ kò ní òórùn, wọ́n ń fi nǹkan olóòórùn sí i ni kí aráalé lè mọ̀ bó bá ń jò. Nítorí pé ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, ìṣáná gbọ́dọ̀ máa jó kí a tó ṣí gáàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣí gáàsì ná, ó wá ń wá ìṣáná kiri: nínú àpò ṣòkòtò, lórí tẹlifíṣọ̀n, lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó rí i, ó padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣá a. Ó dún gbùúù. Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí i nínú fídíò WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi í ni pé ta ló fá irun ojú rẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó pa gáàsì, kó ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kó má fọwọ́ kan súìṣì iná mànàmáná kankan, kó sì dúró dáadáa kó tó tún gbìyànjú.

Ti jọ̀lọ́ọ̀fù kò gùn. Tòmátò alágolo ki, ó máa ń rọ̀ sí ìdí ìkòkò, bí iná bá sì pọ̀, ibẹ̀ ló ti ń jóná kí ìrẹsì òkè tó rọ̀. Ọkùnrin tó ń kánjú ló ń fi iná kún iná. Ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀wà ló gba àlàyé. Káún máa ń mú kí ẹ̀wà tètè rọ̀ nítorí pé ó ń tú ohun tó so ara ẹ̀wà pọ̀ ká, àmọ́ ó tún ń ba fítámì B1 inú rẹ̀ jẹ́, bó bá sì ti pọ̀ jù, adùn rẹ̀ á di ti ọṣẹ. Káún bí orí ìka ti tó fún ìkòkò kékeré. Ṣíbí ìjẹun ni akẹ́kọ̀ọ́ wa fi bù ú. Ohun tó bá nínú ìkòkò kò ní hóró ẹyọ kan mọ́, ó sì ń hó fòòfò. Ó pe ìyá rẹ̀.

“Mọ̀mí, báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó?”

“Bó bá ṣe tó ni.”

“Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó ti tó?”

“Wàá tọ́ ọ wò.”

“Bó bá ti pọ̀ jù ńkọ́, mà?”

“A jẹ́ pé o ti fi pọ̀ jù nìyẹn.”

Kì í ṣe pé ìyá náà ń fi ìmọ̀ pamọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀, ó sì ti lò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ̀ pé òṣùwọ̀n ni. Bí epo bá gbóná, etí ló fi ń gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó lè sọ irú èyí lórí fóònù, ó dìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró tì í tó sì ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Àmàlà ló kẹ́yìn, nítorí pé òun ló ń béèrè agbára pẹ̀lú ọgbọ́n. Bí omi gbígbóná bá kan ẹ̀lúbọ́ tó ṣù jọ, ara ìta á jinná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á le bí awọ, omi kò sì ní ráyè wọnú mọ́. Ohun tí à ń pè ní kókó nìyẹn. Bí a bá bu ún, ẹ̀lúbọ́ gbígbẹ ni yóò tú jáde. Bí a ṣe ń dènà rẹ̀ nìyí: omi gbọ́dọ̀ hó yaya. A ó bu díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, a ó máa da ẹ̀lúbọ́ sí ìyókù bí ọmọrógùn ti ń yí, a ó máa fọ́ kókó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, a ó wá da omi tí a bù sílẹ̀ lé e, a ó dé e kí ooru bá a jinná, a ó sì tún un rò.

Gbogbo èyí gba ọwọ́ méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ẹyọ kan, nítorí pé wọ́n ti mú iná lọ, fóònù ló sì fi ọwọ́ kejì tàn. Ẹ̀lúbọ́ tó ti wà nínú àpò láti Kérésìmesì ló dà sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkòkò ń yí bí ọmọrógùn ti ń yí. Ó wá rántí pé ìyá òun máa ń sọ ìkòkò kalẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ há a. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ há a. Kò rántí pé ìyá náà máa ń fi àkísà sí àárín ẹsẹ̀ àti ìkòkò. Igbe rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá onílé, tó gbé fìtílà wá, tó wo ẹsẹ̀, tó wo àmàlà, tó sì lọ gbé tuwo wá fún un láti inú ìkòkò tirẹ̀.

Láti ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti mọ ẹ̀wà, ìrẹsì, ọbẹ̀ ata àti ọbẹ̀ kúkà sè dáadáa. Àmàlà rẹ̀ ṣì ń ní kókó, ṣùgbọ́n kò pọ̀ mọ́. Mọ́ínmọ́ín kò sí nínú àlàyé yìí. Ó ń rà á.