Ẹ Kó Àwọn Àna Yín Sẹ́yìn Wágọ̀n

"Ẹ̀yin onímọ̀ràn wa, wágọ̀n Peugeot 504 ni mo ní. Ẹni tó tà á fún mi ń fi kó èrò ni, èmi sọ ọ́ di ọkọ̀ ilé. Èmi nìkan ni mo máa ń wà nínú rẹ̀ láti Ìkirè lọ sí Apòmù láràárọ̀. Ọ̀nà náà kò jìn, àmọ́ kí n tó débẹ̀ ìbàdí mi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọrùn mi pàdé. Mẹkáníìkì mi ní kí n ra sípíríǹgì tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ àti ṣọ́ọ̀kì tó le gbagidi, pé ọ̀nà wa kò gba ọkọ̀ tó rọ̀. Ìyàwó mi ra dòdò Ìkirè fún àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé dòdò ni mọ́. Kò wọ ọkọ̀ náà mọ́ látọjọ́ yẹn. Kí ni kí n rà? Èmi ni, Ìbàdí-Ń-Ké, Ìkirè."

Bàbá Ìbàdí-Ń-Ké, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Oògùn tó yá jù lọ fún ọkọ̀ yín wà nílé àwọn àna yín. Ẹ ṣa méje nínú wọn, kí ẹ yan àwọn tó ń jẹun kánú, kí ẹ tò wọ́n sí ìjókòó àárín àti ti ẹ̀yìn láràárọ̀ kí ẹ tó ṣáná sí ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, gálọ́ọ̀pù tó ń jù yín sókè á kàn máa gbé yín jẹ́jẹ́ ni. Bí àwọn àna bá kọ̀, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá náà á ṣe é, òun kì í sì í bèèrè oúnjẹ ọ̀sán. Mo mọ̀ pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán, nítorí ìmọ̀ràn yìí bá ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe ọkọ̀ yín mu, ti mẹkáníìkì yín ló ta kò ó.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí ọkọ̀ náà ná. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, ó sì gba oyè ọkọ̀ tó ta yọ jù lọ nílẹ̀ Yúróòpù fún 1969. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ tó ń tò ó ní Kàdúná ṣí, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba àti ọkọ̀ gáréèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n sálúùnù tí gbogbo ayé ń yìn kọ́ ni ẹ rà. Sálúùnù tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá gòkè, ó ń dá sọ̀ kalẹ̀, kò fi ti èkejì ṣe. Ti wágọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Irin kan gbọọrọ ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kan bá kó sí kòtò, èkejì á gbọ́ sí i. Wọ́n na ìdí rẹ̀ gùn, tó fi jẹ́ pé àárín táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.90, nígbà tí ti sálúùnù jẹ́ 2.74, kí ìlà ìjókòó kẹta lè ráyè. Wọ́n wá fi kọ́ìlì mẹ́rin sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ta ni wọ́n ṣe kọ́ìlì mẹ́rin dè? Kì í ṣe ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń lọ sí Apòmù pẹ̀lú fáìlì kan lábíyá. Ìdílé ńlá ni wọ́n ní lọ́kàn, àti ẹrù ìdílé náà. Ojú kan náà ni sálúùnù àti wágọ̀n gbé sóde, ìdí wọn ni kò jọra.

Iṣẹ́ sípíríǹgì ni kí ó gbé ọkọ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ dúró. Bí ó bá le, tí ohun tó gbé kò sì wúwo, ńṣe ni yóò máa tì í padà sókè wéréwéré. Ọkọ̀ tó bá ń mì ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń tu èèyàn lára. Tó bá ti di ẹ̀ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ẹ wá bá mi ṣírò. Èrò méje tí ẹ kò gbé, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá jẹ́ kílò 70, kílò 490 ló ti kúrò nínú ọkọ̀ yẹn, a ò sì tíì ka ẹrù tó máa ń wà lórí rẹ̀. Bí ìwúwo tó wà lórí kọ́ìlì bá já sí ìdajì, tí kọ́ìlì ò sì yí padà, ìmì rẹ̀ á yára tó ìlọ́po 1.4 ti tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìbàdí yín ti ń jìyà. Kọ́ìlì yín lè má ní àìsàn kankan. Èrò rẹ̀ àtijọ́ ló ń wá. Mẹkáníìkì wá ní kí ẹ fi èyí tó tún le jù bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá gbà fún un, ẹ máa nílò àna mọ́kànlá.

Ti ṣọ́ọ̀kì yàtọ̀. Kì í gbé ẹrù, ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ fún yín pé ṣọ́ọ̀kì tuntun á gbé ìdí ọkọ̀ tó ti rọ̀ wálẹ̀ dìde fẹ́ gba owó yín ni. Òróró inú rẹ̀ ń gba ihò tóóró kọjá, ìyẹn ló ń gba agbára lọ́wọ́ ìmì, tó ń sọ ọ́ di ooru. Sípíríǹgì ni ọmọdé tó ń jó lójú agbo, ṣọ́ọ̀kì ni àgbà tó ń sọ fún un pé ó tó. Bí ṣọ́ọ̀kì bá le ju bó ṣe yẹ lọ, kì í jẹ́ kí táyà yára sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gun gálọ́ọ̀pù. Níbi tí gálọ́ọ̀pù ti tẹ̀ léra, táyà á ṣì wà lókè nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e bá dé, ọkọ̀ á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kọ́ìlì kò fi ní ní àyè kankan mọ́. Ìgbà yẹn ni ẹ máa gbọ́ "gbàm̀!" Ẹ gbé e padà fún mẹkáníìkì, á fetí sí i, á mi orí, á ní ṣọ́ọ̀kì yẹn kò le tó.

Ó lè ní àwáwí kan tó lọ́gbọ́n nínú: ọ̀nà wa kò dára, ohun tó bá rọ̀ á tètè bàjẹ́. A gbọ́. Àmọ́ ọdún 1975 tí Kàdúná ṣí náà ni Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi 504 sálúùnù borí nínú ìdíje Safari ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, níbi tí iyanrìn, ẹrẹ̀ àti òkúta ti ń fọ́ ọkọ̀ wẹ́wẹ́. Òótọ́ ni pé wọ́n fi agbára kún ọkọ̀ ìdíje ju ti ilé lọ. Síbẹ̀, ohun tí 504 gbé lọ síbẹ̀ láti ilé rẹ̀ ni táyà tó ní àyè púpọ̀ láti gòkè àti láti sọ̀ kalẹ̀. Kòtò tí sípíríǹgì kò bá gbà, ara ọkọ̀ ló máa gbà á, lẹ́yìn náà ìjókòó, lẹ́yìn náà ẹ̀yin. Panẹbítà mọ òtítọ́ yìí ju gbogbo wa lọ, àmọ́ ẹ má bi í léèrè, òun ló ń jẹun lórí ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá mẹkáníìkì gba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbọ́, ọ̀nà kan wà. Ọjọ́ tó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun lọ tẹ́ẹ̀sì ọkọ̀, ẹ gba sítíárì lọ́wọ́ rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ fi ọ̀wọ̀ mú un lọ sí ìjókòó kẹta, gẹ́rẹ́ lórí irin ẹ̀yìn yẹn, kí ẹ wà á lọ sí Apòmù ní ìwọ̀n eré tí ẹ máa ń sá. Kí ẹ tó ya padà sí Ìkirè, ìmọ̀ràn rẹ̀ á ti yí padà.

Nígbà tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, tó sì ti na ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ ní kí ó wo àárín kọ́ìlì ẹ̀yìn. Awakọ̀ èrò fẹ́ràn láti máa ki rọ́bà líle bọ ibẹ̀ kí ọkọ̀ má baà jókòó tí ẹrù bá pọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á fún yín fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún yín láìgbowó. Ibi tí rọ́bà bá ti dí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ìyókù ló ń dá a ṣe, ó sì ti le jù. Ẹ yọ ọ́. Ẹ ní kí fọkanáísà wọn atẹ́gùn táyà, nítorí táyà tí wọ́n fẹ́ bí ẹni ń bá a jà jẹ́ sípíríǹgì líle mìíràn fúnra rẹ̀. Iye tí ilé iṣẹ́ fẹ́ fún ọkọ̀ tó ṣófo kì í ṣe iye tó fẹ́ fún èyí tó kún. Ẹ wo àwọn rọ́bà bọ́ṣìn. Tí gbogbo ìyẹn bá tán, ẹ tẹ igun ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ gidi, kí ẹ fi í sílẹ̀: bí ó bá dìde lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró, ṣọ́ọ̀kì ibẹ̀ ṣì wà láyé. Bí ó bá ń jó lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ àti ti òdìkejì pọ̀, kí ó jẹ́ irú tí wọ́n ṣe fún wágọ̀n gan-an, kì í ṣe èyí tí wọ́n bá ní ó "máa wọ̀ ọ́". Kọ́ìlì ńkọ́? Èyí tó bá ti kán tàbí tó ti rẹ̀ wálẹ̀ nìkan ni kí ẹ pààrọ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, pẹ̀lú ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ fún un. Ẹnì kan á sì wá bá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí ẹ gé kọ́ìlì díẹ̀ kí ọkọ̀ lè rọ̀. Ẹ sá fún un. Kọ́ìlì tí a gé ń le sí i ni, nítorí ìká tó kù kéré, òun náà ló sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn. Ọkọ̀ tún ti wálẹ̀, àyè tó kù láti mì ti dín kù.

Owó ńkọ́? Bí tuntun bá ga jù, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ Aràròmí wà ní Agodi Gáètì n'Íbàdàn, tòkunbọ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì náà dúró lóòró, ẹ tì í wọlé, ẹ fà á jáde lẹ́ẹ̀mélòó kan. Bí ọwọ́ yín bá bọ́ sí ibi òfìfo lójú ọ̀nà, ó ti kú. Èyí tó ní gáàsì nínú á máa yọrí padà fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà dúdú, tó ń dán, tí kò ní ẹ̀kán òróró kan lára, òun ni kí ẹ fura sí jù, nítorí kò sẹ́ni tó ń wẹ òkú láìnídìí.

Mo ti gbọ́ àtakò yín tó kù: ọjọ́ mìíràn wà tí ẹ máa ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kòkó láti oko. Ọjọ́ mélòó lọ́dún? Ẹni tó ra sípíríǹgì nítorí ọjọ́ ẹrù á máa fi ìbàdí san gbèsè ọjọ́ náà ní gbogbo ọjọ́ tó kù. Lọ́jọ́ ẹrù, ẹ fẹ́ táyà kún un, ẹ rọra sáré, ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Báàgì rọ́bà alátẹ́gùn kan tún wà tí wọ́n ń fi sínú kọ́ìlì, tí à ń fẹ́ tí ẹrù bá wà, tí à ń tú sílẹ̀ tí kò bá sí. Bí ẹ bá rí èyí tó bá ọkọ̀ yín mu, ẹ rà á.

"Sienna ni mo fi ń kó èrò. Mo ti fi sípésà gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ga, síbẹ̀ ó ṣì ń jókòó. Ga-Má-Jókòó, Apòmù." Ọ̀gá, irin tí ẹ fi sábẹ́ kọ́ìlì gbé e ga ni, kò fi agbára kankan kún un. Ìjókòó méje tàbí mẹ́jọ ni wọ́n ṣe síbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí Apòmù wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ láti 1977, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́ fún ti ìjọba àpapọ̀ nígbà tí ìyẹn dé ní 1988. Gbogbo ọdún yìí ni wọ́n ti ń bá yín ka èrò. Ẹ yọ èrò tó jókòó lórí jíà kúrò. Sípíríǹgì tó lọ́wọ̀n jù lẹ rà lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn.

"Arákùnrin bàbá mi kan máa ń wá kí wa ní Ìkirè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, èmi ni mo sì máa ń fi wágọ̀n gbé e padà sílé. Báwo ni mo ṣe lè dín àbẹ̀wò yìí kù láìmú àgbàlagbà bínú? Ilé-Kì-Í-Ṣófo." Ìwọ ọmọ yìí, èsì rẹ wà lókè. Ra kọ́ìlì tí mẹkáníìkì Bàbá Ìbàdí-Ń-Ké fẹ́ràn, ki rọ́bà bọ̀ ọ́, fẹ́ táyà débi tí fọkanáísà fúnra rẹ̀ á ti sún sẹ́yìn, kí o sì fi ìjókòó kẹta dá bàbá lọ́lá. Ṣọ́ra kí ìyá rẹ má baà fi òdìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjìlá àti àpò gàrí mẹ́ta ṣe é lálejò kó tó lọ. Bí gbogbo ìyẹn bá wà lẹ́yìn ọkọ̀, wágọ̀n á rọ̀ wọ̀ọ̀, bàbá á sùn títí dé ẹnu ọ̀nà, á sì ní òun ń bọ̀ lọ́túnla.