Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Tó Ń Fọ́nnu ní Toulouse

Ẹ̀yin ará Agblangandan, ẹ jẹ́ ká fọ̀rọ̀ kan Bọ̀ọ̀dá Philae, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó lọ bà lé orí ìràwọ̀ onírù. Ẹ má díbọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n. Kò sí ọmọ àdúgbò yìí tó dé Toulouse tí kò ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòṣe rẹ̀ ní Cité de l'espace, kí ìyá rẹ̀ lè máa fi fóònù han gbogbo ọjà pé, "Ọmọ mi wà lára àwọn tó kàn án." Ọmọ tó jẹ́ pé abọ́ ló ń fọ̀ nílé oúnjẹ!

Ẹ sì wo àwòṣe ọ̀hún bó ṣe dúró! Ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yà gbàgà, ara ń dán bíi ti ọkọ ìyàwó àárọ̀. Irọ́ funfun báláú. Ojúlówó kò dúró bẹ́ẹ̀ rí.

Ọdún mẹ́wàá gbáko ni Ìyá Rosetta, ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e lọ, fi pọ̀n ọ́n láti Kourou níbi tí wọ́n ti gbéra, tí ọmọ kò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2014, ó sọ ọ́ lé orí 67P, ìràwọ̀ onírù náà. Ọ̀kọ̀ méjì tó yẹ kó yìn mọ́lẹ̀ kó fi di ilẹ̀ mú, kò sí èyí tó jáde. Ẹ̀rọ orí rẹ̀ tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti yarọ kó tó kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àwọn ọ̀gá tó ń darí rẹ̀ láti ilé ayé mọ̀, wọ́n ní kó máa lọ. (Ẹ̀yin tí ẹ ń gun zemidjan tí kò ní bíréèkì lọ sí Dantokpa, ẹ rọra rẹ́rìn-ín.) Bọ̀ọ̀dá kanlẹ̀, ó ta padà sókè, ó fò kiri fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Ìgbà tí yóò fi jókòó, ó ti wà nínú kọ̀rọ̀ lábẹ́ àpáta, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹsẹ̀ kan ń nà sókè. Agilkia ni wọ́n wọn ilẹ̀ fún un, Abydos ló bá ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì, tí ẹ wá ń gbé inú omi, ẹ kí ẹ̀gbọ́n yín.

Kì í ṣe agbára ló fi ń fò o. Ẹni tó wọn ọgọ́rùn-ún kìlò nílé, gíráàmù kan péré ló kù sí lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń mu àgbo kí ikùn lè wọlẹ̀, ẹ lọ tọ́jú owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú ìbòmú dání: Rosetta ti gbóòórùn ibẹ̀, ẹyin tó bàjẹ́ pọ̀ mọ́ ilé ẹṣin ni.

Oòrùn kò tó o nínú kọ̀rọ̀ yẹn, kò sì pé ọjọ́ mẹ́ta tí bátìrì fi kú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015 ó jí, ó kí wọn díẹ̀, ó tún dákẹ́, ìwà onígbèsè gbáà. Ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni Rosetta tó fojú kàn án.

Síbẹ̀, èmi gbà fún un. Nígbà tó ṣì ń fò kiri ni imú rẹ̀ ti mú èròjà olókáábọ̀nù 16, tí wọn ò rí mẹ́rin nínú wọn lára ìràwọ̀ onírù rí, pẹ̀lú gbogbo ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀ náà, ó sì tún ya fọ́tò. Ta ni nínú yín tó lè ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, yàtọ̀ sí híhan orun?

Nítorí náà, ẹni tó bá tún ń lọ sí Toulouse, bá mi bẹ àwọn ọ̀gá ibẹ̀ kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ àwòṣe yẹn lélẹ̀, kẹ́sẹ̀ kan wà lókè. Bí wọ́n bá kọ̀, má ya fọ́tò níbẹ̀ mọ́.