Bí A Ṣe Ń Ta Ilẹ̀ Ẹbí ní Ògèrè Láìbi Àgbà Léèrè

Èrò rẹ dára. Ilẹ̀ wà létí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, oníbàárà ń wá ibi tí yóò máa gbé tírélà sí, owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló kan Baba olórí ẹbí tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń bó èèpo obì? Ṣe báyìí:

1. Má gba iwájú ilé Baba kọjá. Bó bá fojú kàn ọ́, á ní kí o jókòó, á sì bẹ̀rẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ ṣán igbó yẹn, àwọn ìyàwó tó bímọ fún un, irú oko tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí títì ní 1978. Ọ̀sán á pọ́n. Gba ẹ̀yìnkùlé.

2. Dé orí ilẹ̀, wàá rí pèrègún tó tò lọ gbọọrọ. Kì í ṣe ewé jíjẹ, kì í ṣe ọjà. Hú u. Bí ọkàn rẹ bá ń bi ọ́ pé ta ló gbìn ín síbẹ̀, wo máàpù inú fóònù. Kò sí pèrègún níbẹ̀.

3. Fọwọ́ sí rìsíìtì gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí. Lóòótọ́, láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé ẹjọ́ ti sọ pé bí ará ilé bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òtúbáńtẹ́ ni. Ìwọ kọ́ ni wọ́n ń bá wí. O ti kọ ọ́ sórí ìwé pé ìwọ ni olórí. Bí oníbàárà bá ń wo àgbọ̀n rẹ tí kò tíì hu irùngbọ̀n, ní ọmọdé ló ń joyè nílé yín.

4. Ra mọ́tò. Bí Baba bá gbọ́ ìró rẹ̀, ní tírélà ló ń kọjá.

5. Ẹbí kejì á dé, wọn á ní pèrègún yẹn ni ààlà. Fi máàpù hàn wọ́n. Wọn á mú ìyá arúgbó kan wá, tí yóò ka orúkọ láti orí ẹni tó tẹ oko náà dó dórí ọmọ àná, láìmí. Má dá a lóhùn. Kò ní fóònù.

6. Ní kóòtù, lọ́yà rẹ á ní ọ̀nà márùn-ún ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ là sílẹ̀ ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, láti fi jẹ́rìí ilẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni ìtàn àtẹnudẹ́nu: ta ló tẹ ibẹ̀ dó, báwo ló ṣe dé ibẹ̀, àwọn wo ló jogún rẹ̀ títí ó fi kàn ọ́. Ìwé ló ṣe ìkejì, àmọ́ ìwé tìrẹ, ìwọ náà lo fọwọ́ sí i. Bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà fúnra rẹ. Sọ pé, "Bàbá bàbá mi..." Dúró níbẹ̀. Ní kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú.

7. Wàyí o, ra búrẹ́dì, gba iwájú ilé lọ bá Baba. Dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Gbé fóònù sí i lẹ́nu kó lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gé e kúrú, bátìrì ti ń lọ. Á rọra bó obì kan tán, á ní, "Ìwọ ọmọ ta ni?" Dárúkọ bàbá rẹ. Á ní, "Ọmọ ta ni òun náà?" Sọ fún un pé ohun tí ẹ wá bi wọ́n gan-an nìyẹn, ìwọ àti lọ́yà rẹ.