Agbádá Lórí Afárá Blackfriars

Èmi fúnra mi ni mo sọ fún àbúrò mi pé kó má wulẹ̀ fi mọ́tò wá gbé mi. Ìkómọ tí à ń lọ wà ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Elephant and Castle, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Èmi wà ní Farringdon, níbi tí mo ti lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣe tíṣà n'Íbàdàn láyé ọjọ́un. Àbúrò mi rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá mú mi. Ọmọ náà gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ dé, ó ní kí n wọ bọ́ọ̀sì, kí òun gba ọ̀nà tòun, ká pàdé lọ́hùn-ún. Mo wo bọ́ọ̀sì: wọ́n tò sójú títì, kò sí èyí tó ń mira. Mo wá rí àwọn kẹ̀kẹ́ pupa kan tí wọ́n ki orí wọn bọ irin lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ta ló ni ìwọ̀nyí?"

"Kẹ̀kẹ́ àyálò ni, Ọ́ńkù."

"Yá ọ̀kan fún mi."

"Ọ́ńkù, agbádá lẹ wọ̀."

"Agbádá ni bàbá mi wọ̀ tó fi gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkirè dé Gbọ̀ngán. Kò ṣubú."

Bàbá mi ṣubú o. Inú koto ni wọ́n ti fà á jáde. Àmọ́ ọmọ náà kò tíì dáyé nígbà náà, ta ni yóò jẹ́rìí takò mí?

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún un bí àwa ṣe mọ kẹ̀kẹ́ tó. Mo ní Raleigh tí àwọn bàbá wa ń gùn, ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni wọ́n ti ń ṣe é, owó kòkó ló sì ń rà á. Àwọn mìíràn ra kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó kan páànù sórí ilé. Mo ní èmi gan-an, ọ̀dọ̀ bàbá tó ń lẹ táyà ni mo ti ń yá kẹ̀kẹ́ ní kékeré, pé ẹsẹ̀ mi kò tó pẹ́dà, abẹ́ ọ̀pá ni mò ń ki ẹsẹ̀ kan gbà, n óò wá máa wa kẹ̀kẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí alákàn. Ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó yọ fóònù, ó fi owó tirẹ̀ yá ọ̀kan, ó bọ́ akoto orí rẹ̀ fún mi.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ dé akoto. Mo rán an létí. Ó ní kì í ṣe nítorí òfin, nítorí bàbá òun ni. Mo wá gbà á, ṣùgbọ́n mo ní n kò ní bọ́ fìlà, nítorí abetí ajá tí wọ́n fi aṣọ ẹbí rán ni, bí ó bá rún, ó rún náà nìyẹn. Mo dé akoto lé e lórí. Etí fìlà yọ síta lọ́tùn-ún lósì, okùn akoto fún mi lábẹ́ àgbọ̀n. Obìnrin kan tó ń fa ajá kọjá rẹ́rìn-ín sí wa. Ajá náà dúró wò mí.

Oṣù keje ọdún 2010 ni kẹ̀kẹ́ àyálò bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Boris Johnson ni méyọ̀ nígbà náà, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ará ìlú sì fi ń pe kẹ̀kẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ken Livingstone tó wà lórí àga ṣáájú rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá a lábàá. Ẹ óò rí i pé kì í ṣe ilé wa nìkan ni ẹni kan ti ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ tí ẹlòmíràn fi ń gé tẹ́ẹ̀pù. Kẹ̀kẹ́ náà wúwo. Bí mo ṣe gun orí rẹ̀ báyìí, mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ Raleigh bàbá mi, ṣùgbọ́n ẹnu tí mo ti fi yangàn kò ṣeé gbé mì mọ́.

Láti Farringdon, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan wà tó lọ tààrà sí orí afárá Blackfriars, tó sọdá odò Thames, tó sì forí lé Elephant and Castle. Ojú ọ̀nà náà dùn. Ó ní kọ́ńkéré tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti mọ́tò, àlọ àtàbọ̀ kẹ̀kẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ó tún ní iná tirẹ̀ pàápàá. Níbi iná àkọ́kọ́, mo rí kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ara òpó, kò ga ju ojú mi lọ, wọ́n ya kẹ̀kẹ́ sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé ti àwọn ọmọdé nìyí, mo bá tẹjú mọ́ iná ńlá tó wà lókè. Kékeré náà di ewé, ńlá kò yí padà, mo dúró digbí. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ aago. Mo bojú wẹ̀yìn, mo juwọ́ sí wọn. Mo rò pé aṣọ mi ni wọ́n ń yìn.

Orí afárá ni nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan. Láti 2 April 1972 ni Nàìjíríà ti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, tí gbogbo ọkọ̀ ń gba ọ̀tún. Nígbà tí mo fi mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ọ̀tún ni gbogbo wa ń gbà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò ní òsì. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń tẹ̀lé ẹ̀yìn ọmọ náà, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ odò wọ inú agbádá. Gbogbo aṣọ náà gbé sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ òsì rẹ̀ bò mí lójú, ìyókù yọ bòǹtò lẹ́yìn mi. Mo fi ọwọ́ kan fa agbádá sílẹ̀. Nígbà tí ojú mi máa là, n kò rí ọmọ náà mọ́, ara sì ṣe ohun tó ti mọ̀ láti kékeré: mo gba ọ̀tún.

Wọ́n ń bọ̀. Wọ́n pọ̀, wọ́n wọ aṣọ tó lẹ̀ mọ́ra, orí wọn wà nílẹ̀, wọ́n ń sáré bí ẹni tí wọ́n jí lówó. Ẹni tó ṣáájú gbójú sókè, ó rí aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn géètì tó ń bọ̀ wá bá a. Ó pariwo. Èmi náà pariwo. Mo ya ọwọ́ kẹ̀kẹ́ síbi tí n kò mọ̀, mo lọ fi táyà gbá kọ́ńkéré, mo sì fara ti ibẹ̀ bí ẹni tí ọtí ń pa. Ní òdìkejì kọ́ńkéré yẹn gan-an, bọ́ọ̀sì alájà méjì kan kọjá. Ooru ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kàn mí lójú.

Ọmọ àbúrò mi padà wá. Ìmọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ mọ́ ọ̀nà àti afárá ló ń kà ní yunifásítì, kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dákẹ́. Ó lu kọ́ńkéré náà pẹ́pẹ́. Ó ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ńláńlá wọ̀nyí ní 2010, ọ̀dà búlúù lásán ni wọ́n kùn sílẹ̀ ní ibi púpọ̀. Ọkọ̀ ńlá kì í bẹ̀rù ọ̀dà. Nínú oṣù kọkànlá 2013, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, oníkẹ̀kẹ́ mẹ́fà ló kú sójú títì Lọ́ńdọ̀nù. Ariwo sọ, àwọn èèyàn lọ dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wọn níwájú ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ìrìnnà ìlú. Nígbà tó fi di 2016, irú èyí tí mo fara tì yìí, tó ní kọ́ńkéré, ti délẹ̀.

N kò jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ó yé mi ju bó ṣe rò lọ. Ta ni kò mọ̀ ọ́n l'Ékòó? Láti March 2008 tí wọ́n ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT láti Mile 12 lọ sí CMS, ibi tí kọ́ńkéré wà, dánfó a máa rò ó wò lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tó jẹ́ ọ̀dà nìkan, dánfó ti wọlé kí ọ̀dà tó gbẹ. Ìjọba Èkó ti kọ ìlànà sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ láti 2018, mo sì gbóríyìn fún ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé, ọ̀dà pàápàá sàn jù ú lọ, ọ̀dà a kúkú máa hàn lójú títì. Tó bá jẹ́ Ìkòròdú Road ni mo ti ṣe eré tí mo ṣe lórí Blackfriars yẹn, ìkómọ kọ́ ni wọn ì bá máa ránṣẹ́ pe ènìyàn sí. Ẹni tó ya ọ̀nà ìlú Lọ́ńdọ̀nù ti gbà pé lọ́jọ́ kan, arúgbó kan tó gbójú lé ẹnu rẹ̀ yóò gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú agbádá. Ẹni tó ya tiwa gbà pé gbogbo wa gbọ́n.

Ó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kí n máa ti kẹ̀kẹ́ lọ. N kò sọ̀ kalẹ̀. Mo ká ọwọ́ agbádá sí èjìká, mo ní, "Ó yá, síwájú."

Nígbà tí a kọjá St George's Circus, ọmọ náà yà sí ọ̀nà ẹ̀yìn tí kẹ̀kẹ́ ń gbà. Mo ní títì ńlá ló yá jù. Ó tẹ̀lé mi nítorí kò lè fi mí sílẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé ni. Níbi iná kan, típà ńlá kan tó kó yanrìn dúró síwájú wa, ọmọ náà dúró sẹ́yìn rẹ̀. Èmi rí àyè lápá òsì, láàárín típà àti pèpéle. N'Íbàdàn, ẹni tó rí irú àyè bẹ́ẹ̀ tí kò kì í, wọn yóò ní nǹkan ń ṣe é. Mo kì í.

Mo ti dé ìdajì ara ọkọ̀ náà nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin. Ohùn náà tutù, ó sì mọ́. Ó ń sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ọkọ̀ yìí fẹ́ yà sósì, kí n ṣọ́ra. Ó tún un sọ. Kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo ń wá obìnrin náà. Mo wo ojú fèrèsé ilé, mo wo pèpéle, mo fẹ́ kí i kú ìtọ́jú. Táyà típà bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Ọ́ńkù!"

Ọmọ náà fò sílẹ̀, ó gbá ẹ̀yìn agbádá mi mú, ó fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ kúrò nídìí gààrí. Agbádá tó fẹ́ pa mí lórí afárá ló yọ mí níbẹ̀. Èmi àti kẹ̀kẹ́ àyálò ṣubú lé e lórí, òun ṣubú lé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ṣéènì rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún fún òróró sì nu ara rẹ̀ sí mi lẹ́yìn láti èjìká dé ìdí. Awakọ̀ náà ti tẹ bírékì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò bú wa. Mo fẹ́ kó bú mi, ì bá rọrùn fún mi láti dá a lóhùn. Ó kàn ń sọ pé láti orí ìjókòó òun, ẹni tó bá wà lápá ibẹ̀ yẹn kì í hàn sí òun, pé ẹ̀rọ tó wà lára ọkọ̀ ló han létí òun.

Ọmọ náà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lójú ọ̀nà. Láti March 2021, ọkọ̀ akẹ́rù tó bá ju tọ́ọ̀nù 12 lọ kò gbọdọ̀ wọ Lọ́ńdọ̀nù láìgba ìwé àṣẹ. Ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí awakọ̀ ṣe ń ríran tó láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ní October 2024 wọ́n gbé e láti ìràwọ̀ kan sí mẹ́ta. Èyí tí ìràwọ̀ rẹ̀ kò bá pé, ó di dandan kó ní kámẹ́rà, kó ní ẹ̀rọ tó ń fura sí ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kó sì ní ohùn tó ń kìlọ̀. Ẹ wo bí ìjọba odidi ìlú ṣe jókòó, tí wọ́n ronú títí, tí wọ́n sì fi obìnrin sínú típà nítorí mi. Èmi wá ń wojú fèrèsé.

A ti kẹ̀kẹ́ dé Elephant and Castle. Mo fi kẹ̀kẹ́ àyálò ti ara ògiri gbọ̀ngàn, mo ní kí ọ̀gbẹ́ni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bá mi ṣọ́ ọ. Mo wọlé. Wọ́n gbé ẹ̀bà wá, wọ́n gbé móínmóín wá, onílù kì mí, mo jó, mo ná owó. Ilẹ̀ ti ṣú kí ọmọ náà tó tún wá bá mi nídìí tábìlì.

"Ọ́ńkù, ibo lẹ dá kẹ̀kẹ́ yẹn padà sí?"

"Ó wà níta, kò sí ohun tó ṣe é."

Ojú rẹ̀ yí padà. Mo ti gbàgbé pé àyálò ni, tàbí ká ní mo rò pé ẹni tó ni ín yóò wá a wá, bí bàbá tó ń lẹ táyà ṣe máa ń fi pàṣán lé wa kiri bí àsìkò bá pé. Àwọn ti ìhín kì í lé ènìyàn. Gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni owó ń gorí owó, láti inú àpò ọmọ tó ṣì ń jẹ gbèsè ilé-ìwé. A sáré gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kì í bọ irin. Ibẹ̀ kún. A lọ sí òmíràn. Mo rọra ki orí rẹ̀ bọ ihò, iná kò tàn. Mo tún rọra kì í. Ọmọ náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé ìdí rẹ̀ sókè, ó gbá a wọlé gbàgà, iná ewé tàn.

"Èló ni wọ́n yọ?"

"Ẹ fi sílẹ̀, Ọ́ńkù."

Nígbà tí ọmọ tí o bá wọn sọ lórúkọ bá ní kí o fi sílẹ̀, o ti mọ̀ pé owó náà lágbára.

Nílé, ìyàwó àbúrò mi gba agbádá lọ́wọ́ mi, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó wò ó títí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dà sí yín lára?"

"Ọbẹ̀ ni, ìyàwó. Èrò kún gbọ̀ngàn."

Ó gbé e sí imú. Ó wo ọmọ rẹ̀, ọmọ náà wo àjà.

"Ọbẹ̀ wọn mà ní òróró ṣéènì nínú o," ó wí, ó sì lọ wá kẹrosíìnì.