Ẹ̀gbọ́n Onípíláànù Di Ọmọ Iléèwé

Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n wa ní Nunhead, Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 26 ni wọ́n fi ya píláànù ilé n'Íbàdàn, tí àwọn bíríkìlà ń sá pamọ́ bí wọ́n bá ti gbúròó ọkọ̀ wọn. Báyìí, wọ́n gbé báàgì kọ́yìn, wọ́n ń sáré lé bọ́ọ̀sì 78 kí wọ́n má baà pẹ́ dé kíláàsì. Olùkọ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sáré ọ̀hún, àbíkẹ́yìn wọn fi ọdún méjì jù ú lọ.

Ẹ má pè wọ́n ní "Akítẹ́ẹ̀tì" lọ́jà Rye Lane o! Òfin Ìlú Ọba, ti ọdún 1997, ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ARB, àjọ tó ń forúkọ àwọn akítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kò gbọdọ̀ fi oyè yẹn ṣiṣẹ́ jẹun. Ìyá oníṣu pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ni Ẹ̀gbọ́n bá ń wẹ̀yìn wò bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Ọ̀gá tó kọ́ ilé alájà mẹ́ta, oyè ara rẹ̀ ti di ẹrù òfin.

Ilé-ìkàwé Peckham ni wọ́n ti ń kàwé kí wọ́n lè gba oyè náà padà. Will Alsop àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ló ya ilé náà: òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé e dúró wọ́ síhìn-ín wọ́ sọ́hùn-ún bí ẹsẹ̀ ẹni tó ti ibi ẹmu bọ̀, ilé náà sì tún dé fìlà pupa sórí. Ilé yìí ló gba ẹ̀bùn Stirling ti àwọn ayàwòrán ilé lọ́dún 2000. Ẹ̀gbọ́n mirí títí. Wọ́n ní, "Kí n gbé òpó yìí fún Alájì kan ní Bódìjà, ọlọ́pàá ni yóò wá gbé mi."

Fèrèsé yàrá wọn kọjú sí itẹ́ òkú Nunhead, éékà 52, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1840. Wọ́n ní torí àwọn aládùúgbò tí kì í pariwo làwọn ṣe gba ibẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn yẹn nìkan ni kì í bi wọ́n pé, "Ìgbà wo lẹ máa parí?"

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Olùkọ́ kékeré yìí gbé àwòrán agbo ilé sára ògiri: ilé alámọ̀, àgbàlá láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíká. Ó ní ilé ọjọ́ iwájú nìyẹn, tí ń tutù láìlo iná. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́, àfi Ẹ̀gbọ́n. Ní 1998, àwọn fúnra wọn ló mú kátápílà wọ agbo ilé bàbá wọn l'Ọ́yọ̀ọ́. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò rẹ̀, ilé gbóná bí ààrò, ni wọ́n bá gbé ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́fà kọ́ ọ lọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sì sọ pé Òyìnbó ló tàn yín. Adedokun Adeyemi, ọmọ ilẹ̀ wa tó kàwé ní Manchester, ti figbe ta tipẹ́ pé ilé ilẹ̀ olótùútù nìkan ni wọ́n ń kọ́ àwọn. Igbe rẹ̀ wà lára ohun tó bí àpérò 1953 ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó di 1954, iléèwé Architectural Association ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fún ilé kíkọ́ nílẹ̀ olóoru. Èèyàn yín jà nítorí oòrùn. Ẹ̀yin ra ẹ̀rọ amúlétutù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá yan orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi gba dígírì: ilé alámọ̀! Wọ́n pe ìyá wọn. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ní kí wọ́n wọn bí ògiri ilé Bàbá ṣe nípọn tó."

Màmá dákẹ́ díẹ̀. "Ọkọ mi, ibi tí kátápílà ẹ dà á sí ni kó o ti lọ wọ̀n ọ́n."