Bàbá Oníbáírò Pupa

Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ẹ ó rí i ní Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́, ẹ ó sì rí irú rẹ̀ ní Takié l'Ógbómọ̀ṣọ́: awò lójú, báírò pupa lápò àyà, ìwé ìròyìn àná lábíyá. Kò dé St. Andrew's College tí àwọn CMS gbé kalẹ̀ l'Ọ̀yọ́ ní 1896, àmọ́ ẹni tó kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì kàwé níbẹ̀. Ó dá a lójú pé ó ràn án.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iṣẹ́ ti wọlé fún un. Epo bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò pé 200 náírà fo kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹgbẹ́ télọ̀, ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, gbogbo wọn ń kọ lẹ́tà síjọba, "untold hardships" kò sì gbọdọ̀ ṣàì sí nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti ń mú wọn. "Untold lẹ kọ, ẹ tún wá ń sọ ọ́ fún gómìnà! Ta wá ni kò gbọ́?" Akọ̀wé télọ̀ á sorí kọ́. Báírò pupa á fa ìlà, á tún gé "s" ìparí dànù: "Ìyà kì í ní púlúrà."

Irọ́ ni méjèèjì. Ohun tó kọjá kíkà tàbí wíwọ̀n l'Òyìnbó ń pè ní "untold", ó sì pẹ́ tí ìwé atúmọ̀ èdè wọn ti gba "hardships" wọlé. Ká sòótọ́, gbólóhùn náà ti sú etí. Ẹni tó bá ní kí wọ́n kọ iye tí kóńgò gàrí kan ń jẹ́ dípò rẹ̀ ì bá ṣe wọ́n lóore. Ti bàbá yìí kọ́ nìyẹn.

Nígbà ìwọ́de ebi oṣù Kẹjọ 2024, iwájú tẹlifíṣọ̀n ló jókòó sí, tó ń ka páálí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́. "Hadship! R dà? Níbo ni wọ́n gbé R sí?" Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn láti ilé ìdáná pé bóyá ó ti bá ráìsì lọ.

Ọjọ́ tó ń lọ síbi ìgbéyàwó l'Ógbómọ̀ṣọ́, dẹ́rẹ́bà pe owó ọkọ̀ fún un ní gáréèjì Òwódé. Bàbá bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, ṣàánú mi. Nǹkan ò rọgbọ, jẹ́ n san èyí tó wà lọ́wọ́ mi."

Dẹ́rẹ́bà wo àwọn tó ti jókòó sínú ọkọ̀. "Bàbá tísà, ṣé untold ni, àbí kẹ́ ẹ sọ ọ́ sókè kí wọ́n bá wa gbọ́?"