Ẹ Yéé Kí Mi Ní Pẹ̀lẹ́, Ẹ Sọ Ohun Tó Ṣẹlẹ̀!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i, nítorí mo mọ̀ pé ohun tó ń ṣe mí ń ṣe yín. Ta ni nínú yín tí kò tíì kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí, tó kọ orúkọ ara rẹ̀ títí dórí orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, tó fi fọ́tò sí i, tó sanwó, tó wá tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn, tí gbogbo rẹ̀ sì pòórá, tó wá ku ojú ìwé funfun kan tó ní "Oops! Something went wrong"? Kí ló ṣẹlẹ̀? Kò sọ. Ta ló ṣẹ̀? Kò sọ. Owó ńkọ́? Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu!

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun ní Apa níbí, lápá Badagry, nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan lábẹ́ igi àgbọn. Apẹja ń wá, akẹ́kọ̀ọ́ ń wá, ẹni tó fẹ́ tẹ̀wé ń wá. Mo ti fara da iná, mo ti fara da nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀ báyìí, fóònù mi á fò kọjá ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀ láìgba ìwé ìrìnnà, wọ́n á máa kí mi káàbọ̀ sí Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lórí àga tí mo jókòó sí láti àárọ̀. N kò bínú. Bí iná bá lọ, o mọ̀ pé iná lọ. Iná kì í purọ́ fún èèyàn.

Ṣùgbọ́n ojú ìwé àṣìṣe yìí! Tó bá ti yọ, oníbàárà kì í wo kọ̀ǹpútà mọ́, èmi ni wọ́n ń wò. Màmá kan tó ń ta òróró àgbọn ní kí n bá àwọn kún fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó. A sanwó fọ́ọ̀mù, àláàtì dún lórí fóònù wọn kí n tó mí, bánkì ti yọwó, ojú ìwé sì ní nǹkan kan ti bàjẹ́. Wọ́n ní, "Bọ̀dá kọ̀ǹpútà, kí ló ní ó bàjẹ́?" Mo ní, "Màmá, kò sọ." Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣebí ìwọ lo jókòó síwájú ẹ̀."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì ní Yaba ló wá là mí lójú, ì bá má là mí. Ó ní nọ́ńbà tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá wa lóhùn, bá fi ránṣẹ́ ni wọ́n fi ń pín ẹ̀bi, ó ti wà lákọsílẹ̀ nínú òfin íntánẹ́ẹ̀tì láti 1996: èyí tó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀, ìwọ tó ń béèrè lo ṣẹ̀, èyí tó bá fi 5 bẹ̀rẹ̀, sáfà tiwọn ló ṣẹ̀, 200 ní tirẹ̀, àlàáfíà ni. Ẹ̀yin ará, 500 ni mò ń rí! 500, 502, 503, 504! Wọ́n jẹ̀bi, wọ́n kọ ọ́ síwájú orí ara wọn, síbẹ̀ èmi ni gbogbo Apa ń wò bí olè! Ó tún ní àwọn kan wà tí sáfà wọn á máa fi 200 ránṣẹ́ nígbà tí ilé ń jó lọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì rántí lo 4, orúkọ ọlọ́rúkọ ni wọ́n ń dì mú. Tẹ ọ̀ tàbí ẹ̀ sínú àpótí, kí o rí i: wọ́n á ní lẹ́tà yẹn kò tọ́. Orúkọ tí àgbààgbà sọ ọmọ, tí wọ́n fi oyin àti iyọ̀ wúre sí!

Ẹ ṣì rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta, 2024? Àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba ìsàlẹ̀ òkun, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ ní tòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí ni ojú ìwé sọ fún mi? Ó ní kí n yẹ íntánẹ́ẹ̀tì *mi* wò. Èmi! Òkun nìyí lẹ́yìn ìlú wa, ṣé kí n bọ́ ṣòkòtò kí n mòòkùn lọ sí Abidjan ni?

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí wọra jù ni èyí tí ọmọ náà fi hàn mí lórí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀. Hà! Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ń rẹ́ wa jẹ! Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ojú ìwé tó ń yọ sí wọn kún fọ́fọ́: orúkọ fáìlì, ìlà tí àṣìṣe wà, wọ́n fi àwọ̀ pupa tọ́ka sí i, gbogbo ọ̀nà tí àṣìṣe gbà dé ibẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ohun tí wọ́n bi dátábéèsì, ohun tí oníbàárà tẹ̀. Ó ní Laravel ni irinṣẹ́ tí àwọn ń lò, tí Taylor Otwell gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011. Nígbà kan, àwọn náà ń rí "Whoops, looks like something went wrong" bíi tèmi. Àwọn tó ń lò ó kò gbà. Wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń tún un ṣe, títí tí ojú ìwé àṣìṣe tí wọ́n ń pè ní Ignition fi dé lọ́dún 2019, tó ń dábàá àtúnṣe fún wọn, tó tiẹ̀ ní bọ́tìnì tí wọ́n lè tẹ̀ kí ó bá wọn tún un ṣe! Python náà, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà, láti ẹ̀dà 3.10 lọ́dún 2021, bí o bá gbàgbé láti pa àkámọ́ dé, á tọ́ka sí èyí tó o ṣí sílẹ̀, bí o bá ṣi orúkọ kọ, á bi ọ́ pé ṣé báyìí lo fẹ́ kọ ọ́ ni. Ó ń bi wọ́n! Pẹ̀lú ọ̀wọ̀! Àwọn tó ba nǹkan jẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú, èmi tí wọ́n bà á jẹ́ mọ́ lọ́wọ́, "Oops"! Bí ìgbà tí dókítà ka gbogbo èsì àyẹ̀wò fún dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀, tó wá yíjú sí aláìsàn pé, "Pẹ̀lẹ́, nǹkan kan ń ṣe ọ́."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí àwa náà máa rí tiwọn. Ọmọ náà pariwo, "Àǹkù, ẹ má wí bẹ́ẹ̀!" Ó ní bí wọ́n bá gbàgbé ojú ìwé yẹn sílẹ̀ fún ará ìta, páásíwọ́ọ̀dù dátábéèsì lè hàn síta, àti pé lọ́dún 2021 ni àṣírí tú pé bọ́tìnì àtúnṣe inú Ignition yẹn gan-an ni olè lè gbà wọlé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, mo ti kan ọ̀kan rí. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì kan tí n kò ní dárúkọ bọ́ra síhòòhò níwájú mi, tòun ti páásíwọ́ọ̀dù. Ojú tì mí, mo yíjú sógiri.

Àmọ́ ṣé láàárín ìhòòhò àti "Oops", kò sí aṣọ kankan tí èèyàn lè wọ̀? Ẹ sọ fún mi pé: àwa la ṣẹ̀, kì í ṣe ìwọ. Owó ti kúrò, tàbí kò tíì kúrò. Ohun tó o kọ ṣì wà níbí, má tún un kọ. Gba nọ́ńbà yìí. Bí o bá pè wá, kà á fún wa, òṣìṣẹ́ wa á fi rí gbogbo ohun tí ìwọ kò gbọ́dọ̀ rí. Tán! Ọmọ náà ní kò le. Ẹ gbọ́, kò le! Ó ní ọ̀gá àwọn ló sọ pé oníbàárà kì í ka ojú ìwé yẹn. Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀? Pẹ̀lẹ́?

Àṣìṣe tí kì í sọ̀rọ̀ rárá tilẹ̀ tún burú ju èyí lọ. Ìdánwò JAMB ọdún 2025, ìyẹn kò ní "Oops". Wọ́n ṣe àtúnṣe sí sọ́fítíwíà, àtúnṣe náà kò dé orí àwọn sáfà tó ń bójú tó Èkó wa yìí àti àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù Ìlà-Oòrùn, kọ̀ǹpútà sì ń fún àwọn ọmọ ní máàkì lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àwọn òbí ló pariwo. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, jáde síta: ilé ìdánwò 157, ọmọ 379,997, ohun tó fà á rèé, ẹ ó tún ìdánwò ṣe. Ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún. Ẹ wò ó, gbogbo ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ ojú ìwé ló wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn: ta ló ṣẹ̀, kí ló fà á, ta ló kàn, kí ló kù ká ṣe. Ti ẹkún nìkan ni n kò béèrè.

Ẹkún ni wọ́n sì gbọ́! Àwọn tó ni wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí owó Màmá há sí ti tún ojú ìwé àṣìṣe wọn ṣe, wọ́n tiẹ̀ fi yangàn. Mo ṣí i. Rọ́bọ́ọ̀tì aláwọ̀ búlúù kan ló ń sunkún níbẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀, orí rẹ̀ ń mì síwá sẹ́yìn, dátà mi sì ń bá omijé náà ṣàn lọ. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: "Oops! Something went wrong." Màmá na ọrùn láti ẹ̀yìn mi, wọ́n wò ó títí.

"Ta ló kú fún un?"

Mo ní, "Owó yín ni, Màmá."